Ìpè Ni, Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀: Ìkarahun Òkun nínú Lord of the Flies àti nínú Ère Albert Mangonès

Ìfáàrà

Láàrin àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìwé tí ó sọ ìkarahun òkun di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Lord of the Flies tí William Golding kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1954. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé kí ni ìkarahun inú ìwé náà dúró fún, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé ó dúró fún òfin, ètò àti ọ̀làjú. Ìdáhùn yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó ti rọrùn jù. Ó ti di ohun tí a há sórí, tí a kì í tún yẹ̀ wò mọ́. Èyí tí ó jẹ wá lógún jù ni pé ìdáhùn náà gba ohun èlò kan lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ó sì fi lé àwọn ọmọdékùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́wọ́, lórí erékùṣù tí òǹkọ̀wé ti kó gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kúrò kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Kí Golding tó mú kálàmù, àwọn ará erékùṣù ní Pàsífíìkì àti ní Karibíà ti ń fi ìkarahun ránṣẹ́ sí ara wọn láti ayébáyé. Lámèyítọ́ tí kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe kò lè mọ ohun tí Golding sọ ọ́ dà.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò gbé ìwé náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọnà mìíràn tí ìkarahun òkun jẹ́ ọkàn rẹ̀. Èyí ni ère idẹ tí Albert Mangonès, ọmọ ilẹ̀ Haiti, ṣe ní 1967, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Port-au-Prince, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Le Marron Inconnu. Ìwé ni ọ̀kan, ère ni èkejì. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní wọn kò ṣeé fi wé ara wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì dá sílẹ̀: nígbà tí ènìyàn bá fi ẹnu sí ìkarahun, tí ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ni ó ń ṣe gan-an? Ṣé ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ, àbí ènìyàn ni ó ń pè? Fún àwa tí a ní dùndún àti gángan nílé, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré.

Àwọn Tí Ó Ni Ìkarahun

Ìgbín òkun ni ó ni ìkarahun náà kí ó tó di ti ènìyàn. Ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, èyí tí wọ́n ń lò jù ni ìgbín ńlá kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Charonia tritonis. Ìkarahun rẹ̀ gùn, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó sì lọ́ yípo yípo. Ní Karibíà, lambi ni wọ́n ń lò, èyí tí ètè ìkarahun rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ẹran inú rẹ̀ jẹ tán, wọn yóò gé ṣóńṣó orí rẹ̀ títí ihò inú rẹ̀ yóò fi hàn, wọn yóò sì ra ojú ibẹ̀ kí ó má baà gé ètè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe pū ní Hawaii. Ní Fiji, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń jẹ́ davui, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń lu ihò sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìwo ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà. Àwọn Māori ti New Zealand a máa so igi gbígbẹ́ mọ́ orí tiwọn kí ẹnu lè gbà á dáadáa. Pūtātara ni wọ́n ń pè é.

Ètè afọnpè ni ó ń gbọ̀n. Ihò inú ìkarahun ni ó ń sọ ìgbọ̀n náà di igbe ńlá. Ohùn kan ṣoṣo ni ó sábà ń mú jáde. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fọn lè fa ohùn kejì yọ, ó sì lè ki ọwọ́ bọ ẹnu ìkarahun náà kí ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ díẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn ní ti ohùn. Ní ti jíjìnnà, ẹnu ènìyàn kò lè bá a dọ́gba, pàápàá lójú omi tí kò sí igi tàbí òkè tí yóò dí i lọ́nà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi rán an pọ̀. Ní Hawaii, ó ń kéde ayẹyẹ àti wíwá ìjòyè. Ní Samoa, ọ̀pọ̀ abúlé ni ó ń fi í sàmì sí sā, àkókò àdúrà ìrọ̀lẹ́ tí oníkálukú gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, tí àlejò pàápàá kò gbọdọ̀ máa rìn gbéregbère. Ní àwọn erékùṣù Trobriand, Bronisław Malinowski kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1922 pé wọ́n ń fọn ìkarahun nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀ṣọ́ kula lé ara wọn lọ́wọ́. Ní àwọn erékùṣù kéékèèké ní Karibíà, apẹja tí ó bá gúnlẹ̀ a fọn ún kí aráàlú lè mọ̀ pé ẹja ti dé. Ìpolówó ọjà ni, bí ti àwọn tí ń kiri ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní àdúgbò wa, àfi pé tiwọn kò ní ewì nínú.

Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà tí kò dùn ún gbọ́. Ìkarahun kan náà ni àwọn òyìnbó olóko ìrèké fi ń jí ẹrú ní ìdájí, tí wọ́n fi ń lé wọn lọ sóko. Ní Jamaica, láti ara fífọn ìkarahun ni ìsinmi ọ̀sán àwọn ẹrú ti gba orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìṣọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Saint-Domingue ní oṣù August 1791, ìṣọ̀tẹ̀ tí ó bí orílẹ̀-èdè Haiti ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1804, lambi ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ń pe ara wọn jọ. Ohun tí ọ̀gá fi ń pe ẹrú ni ẹrú fi pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí a óò sọ nípa Golding: ìkarahun kò bá ẹnì kan mulẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹnu sí i ni yóò dún fún.

Ìpè àti Ọ̀rọ̀

Ó wọ́pọ̀ kí á máa sọ nínú kíláàsì pé ìkarahun ni dùndún àwọn ará erékùṣù. A kò fara mọ́ ọn. Dùndún ń sọ̀rọ̀ nítorí pé ó lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá jáde, ó sì lè yọ́ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ó lè ki ènìyàn, ó lè pa òwe, ó lè bú ọba níṣojú ọba kí ọba sì máa rẹ́rìn-ín. Ìkarahun olóhùn kan kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó dún pẹ́ tàbí kí ó má pẹ́, kí ó dún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tí ó ti bá ara wọn ṣe àdéhùn ṣáájú ni yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àlejò tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, kò ní mọ ohun tí ó jẹ́.

Ohun tí ó sún mọ́ ìkarahun jù nínú àṣà wa ni agogo akéde. Akéde a lu agogo rẹ̀, àwọn ènìyàn a dákẹ́, aláwo a gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni akéde yóò tó la ẹnu sọ pé ọba kí wọn. Agogo kò kí ẹnikẹ́ni. Ó la etí ni. Iṣẹ́ méjì ni ìkéde: ìpè ń bẹ, ọ̀rọ̀ ń bẹ, agogo ni ó ni ti àkọ́kọ́, ẹnu ni ó ni ìkejì.

Bí ẹnì kan bá wá rò pé àìmọ̀ọ́ṣe ni ó fà á tí àwọn ọmọ Áfíríkà ní Karibíà kò fi mú ìkarahun sọ̀rọ̀, kí ó wo abeng àwọn Maroon ti Jamaica. Ìwo màlúù ni, láti inú èdè Akan ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Àwọn afọnwo Accompong àti Moore Town mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pe orúkọ ènìyàn nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó gbọ́ yóò sì dáhùn. Ìmọ̀ fífi ohun èlò sọ̀rọ̀ bá wọn sọdá òkun. Wọ́n kàn mọ ohun tí ó yẹ kí á fi rán ìwo àti ohun tí ó yẹ kí á fi rán ìkarahun ni.

Àwa náà ní ìkarahun tí ń jíṣẹ́, ìyẹn owó ẹyọ inú àrokò. Èyí sì yani lẹ́nu: láti erékùṣù ni òun náà ti wá, nítorí pé erékùṣù Maldives ní Òkun Índíà ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ẹyọ tí a ná nílẹ̀ Yorùbá. Bí a bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wọn jọ. Orí eré ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò sì lè tú u. Nítorí náà, ìkarahun tí kò lè dún ni Yorùbá fi sọ̀rọ̀. Ìkarahun tí ń dún fatafata, ìpè nìkan ni ó ń pe.

A mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà, ìpè. Àwọn tí ó ń túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá sábà máa ń pe ohun èlò yìí ní 'fèrè ìkarahun'. Fèrè kò bá a mu. Fèrè ń kọ orin, ó ń dárà, ìka sì ń jó lójú ihò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe kàkàkí, nítorí kàkàkí ní ààfin tí ó ń dún fún. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí wọ́n dé orí ìwo àgbò tí àwọn àlùfáà fọn yí Jẹ́ríkò ká, ìpè ni wọ́n pè é. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe pè ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Wọn kò wo bí ohun èlò náà ṣe rí. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni wọ́n wò. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìpè ìkarahun ni ó yẹ kí á máa pè é nínú ẹ̀kọ́ àti nínú ìtumọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni à ń jà lé lórí, nítorí ẹni tí ó bá ti pè é ní ìpè yóò rí ohun kan nínú ìwé Golding tí Gẹ̀ẹ́sì bò mọ́lẹ̀.

Ìpè tí a Di Mọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ìkarahun ṣe wọ inú ìtàn. Ralph àti Piggy rí i nínú omi, wọ́n sì fi igi gbé e sókè. Ó funfun bí ọ̀rá wàrà, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ta sí i lára káàkiri. Orí rẹ̀ ti jẹ lọ fúnra rẹ̀, ó ti di ihò. Níbí ni a ti rí àṣìrí àkọ́kọ́: ìpè yìí kò ní ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó jẹ ẹran rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gé orí rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ra á. Òkun ṣe é tán, ó gbé e sí ẹsẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní gbogbo erékùṣù tí a dárúkọ lókè, ihò orí ìkarahun ni ẹ̀rí pé ọwọ́ ènìyàn ti kan án. Golding mú ihò, ó fi ọwọ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé náà kò lè fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Piggy ni ó mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí pé ó ti rí irú rẹ̀ rí ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní England. Ọmọ náà a máa fọn ún, ìyá rẹ̀ a sì wá. Piggy mọ̀ pé ọjà olówó ńlá ni. Ẹ wo bí òtítọ́ ṣe yọ láìròtẹ́lẹ̀: láti ìlú àwọn ẹlòmíràn ni ìkarahun náà ti dé ilé Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di ọ̀ṣọ́, ọmọdé sì ṣì ń fi í pe ìyá rẹ̀. Ìpè ni Golding náà mọ̀ ọ́n sí. Piggy kò lè fọn ún nítorí ikọ́ fée, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́ Ralph bí a ṣe ń fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ìgbà tí ó dún dáadáa, àwọn ẹyẹ fò lọ, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú igbó. Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tí ará Fiji kan yóò rí tí yóò fi jiyàn.

Lẹ́yìn èyí ni Ralph ṣe òfin pé ẹni tí ìkarahun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Iṣẹ́ ìkarahun wá di méjì. Ti àkọ́kọ́ ni kí á fọn ún. Èkejì ni kí á dì í mú. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ará erékùṣù, èkejì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ. Àwọn tí ń kọ́ ìwé yìí máa ń pa méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú tiwa, inú àlàfo tí ó wà láàrin wọn ni gbogbo ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀: bí ìkarahun ti ń di ọ̀pá àṣẹ sí i ni agbára rẹ̀ láti pe ènìyàn ń dínkù. Léraléra ni àwọn ọmọ náà ń tẹnu mọ́ ọn pé ìkarahun wà lọ́wọ́ àwọn. Bí a bá túmọ̀ ìyẹn sí Yorùbá tí ó tọ́, tí a ní 'ìpè wà lọ́wọ́ mi', etí yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹnu ni ibùgbé ìpè. Ìpè tí ó bá jókòó sọ́wọ́ ti di nǹkan mìíràn.

Ibi tí ìwé náà ti dára jù, tí kò sí lámèyítọ́ tí ó yẹ kí ó fò ó, ni òpin orí karùn-ún. Ìpàdé ti tú, àwọn ọmọ ti sá lọ jó nínú òkùnkùn. Piggy ní kí Ralph fọn ìkarahun kí wọ́n lè padà wá. Ralph kọ̀. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé bí òun bá fọn ún tí wọn kò bá wá, gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn. Nínú ìwé yìí, ibí ni Golding ti mọ̀ ju gbogbo àwọn tí ń fi 'òfin àti ọ̀làjú' ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ìpè kò ní agbára kankan nínú ara rẹ̀. Àdéhùn àwọn tí ó ń jẹ́ ẹ ni agbára rẹ̀, ẹni tí ó sì ń pè ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ bí àdéhùn náà bá ti ń yẹ̀. Akéde tí ó lu agogo tí ẹnikẹ́ni kò yọjú, kì í ṣe agogo ni ó bàjẹ́.

Ní orí kẹjọ, Jack gba ìkarahun, ó fọn ún bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fọn, ó sì pe ìpàdé láti fi yọ Ralph nípò. Ìkarahun dún fún un. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ni ìkarahun náà dúró fún, báwo ni ó ṣe dún fún ẹni tí ó fẹ́ ba òfin jẹ́? Ẹni tí ó bá rántí olóko ìrèké àti ẹrú rẹ̀ kò ní bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ní orí kọkànlá, Ralph fọn ún níwájú òkúta tí Jack àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ṣe odi. Wọ́n jáde pẹ̀lú ọ̀kọ̀, wọ́n ti kun ojú wọn. Wọ́n gbọ́ ìpè, wọn kò jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni Roger yí òkúta ńlá sílẹ̀, Piggy kú, ìkarahun sì fọ́ yángá.

Àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé òfin fọ́ níbẹ̀. A ní ìbéèrè kan tí ó kéré ju ìyẹn lọ: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi padà sínú omi lọ wá òmíràn? Nínú gbogbo ìwé náà, kò sí ọmọ kan tí ó ronú bẹ́ẹ̀. Ní Samoa tàbí ní Haiti, bí ìpè bá fọ́, a óò wá òmíràn, nítorí pé inú àwọn ènìyàn ni ìmọ̀ ìpè wà, kò sí nínú ìkarahun. Àwọn ọmọ náà kò ní ìmọ̀ yẹn. Adé ni wọ́n ní, adé ọba kan sì ni. Golding mọ̀ọ́mọ̀ mú ọmọ onílẹ̀ kúrò nínú ìtàn rẹ̀, ó sì yẹ kí á yìn ín fún ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú The Coral Island tí R. M. Ballantyne kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni rere, ará erékùṣù ni ó rù ẹ̀bi ìwà ìkà. Golding kọ̀ láti di ẹ̀bi rù wọ́n. Inú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ó ti wá ibi náà rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń gba ẹ̀bi kúrò lórí àwọn onílẹ̀, ó gba ìpè wọn pẹ̀lú. Àwọn tí ó fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1983, ọdún mẹ́ta ṣáájú ti Wọlé Ṣóyínká, kò bi í léèrè rẹ̀.

Lambi Lẹ́nu Ère

Ère Mangonès kò gba wá láyè láti gbàgbé ẹnu. Ọkùnrin kan ni, ìhòòhò díẹ̀ ni ó kù sí. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kejì gbọọrọ. Ẹ̀wọ̀n tí ó já wà ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Àdá wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni ó fi gbé lambi sẹ́nu, ó sì gbé orí sẹ́yìn, ó dojú kọ ọ̀run, ó ń fọn ún. Idẹ ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń ya òǹwòran lẹ́nu ni pé kò dún. Ère ni, báwo ni yóò ṣe dún? Síbẹ̀ ìfọ̀n ni kókó iṣẹ́ náà. Gbogbo iṣan ara rẹ̀ ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn náà. Golding kọ ìró sínú ìwé, ó sì sọ ọ́ di ohun tí à ń dì mú. Mangonès mú ohun tí kò lè dún, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìró. Nínú ìwé Golding, a rí àwọn tí a pè, wọ́n jókòó yí ìkarahun ká. Ère náà dá wà. Àwọn tí ó ń pè kò sí nínú iṣẹ́ ọnà náà rárá. Àwọn tí ó ń kọjá lọ lójú títì ni. Ẹni tí ó bá dúró wò ó ti jẹ́ ìpè náà nìyẹn. Lójú tiwa, èyí ni ó jẹ́ kí ère yìí ju ọ̀pọ̀ ère ìrántí lọ, àwọn tí ó jẹ́ pé akọni wọn dúró lórí ẹṣin tí kò fẹ́ nǹkankan lọ́wọ́ wa.

Àdá náà yẹ ní wíwò. Àdá ìrèké ni, ohun iṣẹ́ ẹrú tí ó di ohun ìjà, bí lambi náà ti jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń pe ẹrú síṣẹ́. Mangonès fi méjèèjì sọ́wọ́ ènìyàn kan náà, ẹ̀wọ̀n sì wà nílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹ̀sìn vodou yóò tún rí ohun mìíràn níbẹ̀, nítorí lambi jẹ́ ti Agwe tí ó ni òkun, àdá sì jẹ́ ti Ogou. Ó yẹ kí etí Yorùbá là níbí yìí: nínú vodou, ìdílé Nago ni Ogou wà, Nago sì ni àwọn Faransé ń pe àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó dé Saint-Domingue. A kò sọ pé Yorùbá ni ọkùnrin inú ère náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. A sì ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fẹ́ fi àdá yìí kọ odindi àpilẹ̀kọ nípa Ògún. Ẹni tí ó bá ti sọ ọ́ di Ògún nìkan ti gba lambi lọ́wọ́ rẹ̀.

A ní ẹ̀sùn méjì sí ère náà. Orúkọ rẹ̀ ni èkíní. Ó jọ pé ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ̀, èyí tí wọ́n ṣe sí Paris ní 1920, ni wọ́n ti mú àpèlé 'ẹni tí a kò mọ̀' yìí. Ọ̀pọ̀ tí ó sá kúrò lóko ìrèké ni orúkọ wọn ti sọnù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. A mọ François Mackandal tí wọ́n dáná sun ní 1758, a mọ Boukman. Nínú àṣà tí oríkì wà, ẹni tí kò ní orúkọ kò ṣeé kì. Ìpè ńlá ni ère náà ń pè, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dá a lóhùn, kò sí orúkọ tí a óò fi pè é padà. Èyí mú kí ìpè náà jẹ́ ti gbogbo ayé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lo àwòrán rẹ̀ lórí sítáǹbù ní 1989. Ó sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù. Ìjọba François Duvalier ni ó ní kí wọ́n ṣe ère náà. Ó ti sọ ara rẹ̀ di ààrẹ títí ayé ní 1964, àwọn Tonton Macoute rẹ̀ sì ń gbé ènìyàn lóru. Iwájú ààfin rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹni tí ń pe ènìyàn sí òmìnira sí, ní àkókò tí ẹni tí ó bá pe ènìyàn jọ ní Port-au-Prince lè má sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan yóò ní èyí ba iṣẹ́ ọnà náà jẹ́. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí oko ìrèké ti kọ́ wa ni, tí Jack náà kọ́ wa: aláṣẹ lè gba ìpè, ó lè fọn ún, kò lè pàṣẹ fún ohun tí àwọn tí ó gbọ́ ọ yóò ṣe. Ìjọba ìdílé Duvalier ṣubú ní February 1986. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ kejìlá oṣù January 2010, ààfin tí ère náà dojú kọ wó lulẹ̀. Ère náà dúró lórí ìdúró rẹ̀.

Kì í ṣe ogun nìkan ni lambi wà fún ní Haiti. Wọ́n ń fi í pe konbit, iṣẹ́ oko tí àwọn aládùúgbò ń fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe fún ara wọn, tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àáró àti ọ̀wẹ̀ tiwa. Nǹkan kan ni Mangonès kò lè fi sínú idẹ, ìyẹn ni ìgbín náà. Àwọn àgbà wa ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Wọ́n ti pa lambi jù nínú òkun Karibíà, dé ibi pé ní 1992 wọ́n fi í sábẹ́ àdéhùn àgbáyé tí ń ṣọ́ òwò ohun ẹlẹ́mìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń kó kí ó tó dàgbà. Ìkarahun tí kò gbó, ètè rẹ̀ kì í nípọn. Nínú ẹgbẹ́ rara tí ń jó kiri ní Haiti nígbà Lẹ́ǹtì, vaksin tí wọ́n fi ọparun ṣe àti kònè tí wọ́n fi páànù ṣe ti ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lambi láti ọjọ́ pípẹ́. Níbi tí ìgbín òkun bá ti wọ́n jù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn yẹn ni yóò máa pe èrò jọ.